Pẹ́dà Tí Ìyá Àgbà Yan

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi lé lórí, ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ọ́: ìyá àgbà ni ó yan pẹ́dà náà. Kò sí iṣẹ́ èṣù níbẹ̀, ọmọdé kankan kò sì wọ ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé iṣẹ́ ìkẹyìn ọkọ rẹ̀ sínú ààrò gáàsì bí ẹni tí ń gbé búrẹ́dì, tí ó tan iná sí i, tí ó jókòó tì í, tí ó sì ń wo ògiri títí èéfín fi wá kàn án nímú.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ààrò. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti ọ̀dà tó ń gbẹ. Òórùn ike tó ń yọ́ ni, òun àti ti fóòmù tó jó. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ fa àpótí irin kékeré náà jáde, ó gbé e sétí, ó mì í. Nǹkan ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú rẹ̀.

"Ó parí," ó sọ fún ara rẹ̀. "Adìẹ tí mo yan, tòun tìfun ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ròkè lálá, ó gba gbogbo ilé ìdáná kan, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ló ti wá. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó gbé àpótí náà lé ẹ̀gbẹ́ síǹkì, ó sì dúró tì í bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹni tí kò bá mọ bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ bí àṣìṣe náà ti gọ̀ tó. Pẹ́dà gìtá ni bàbá ń ṣe, àpótí kékeré tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá rẹ̀ lè yí padà kó tó dé inú sípíkà. Ọwọ́ ló fi ń ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ìyá àgbà, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ pátákó fún gbogbo onísọ́ọ̀bù àdúgbò, ni ó ń kun àpótí náà tí ó sì ń kọ orúkọ sí i. Àpótí òfìfo ni bàbá máa ń gbé fún un. Á ti lu ihò sí i, á ti fi pépà oníyanrìn ha á títí yóò fi dán, á wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wọ ilé ìdáná bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá àgbà á kùn ún, á gbé e sínú ààrò lórí iná kékeré kí ọ̀dà lè wọ̀ ọ́ lára, á dá a padà. Ìgbà náà ni bàbá yóò tó kó ìfun sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń bá a bọ̀, àpótí tó ní nǹkan nínú kò tíì dé ọwọ́ ìyá àgbà rí. Nítorí náà, nígbà tó rí èyí lórí tábìlì iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n ti fi ìdè onírin tí a ń lọ́ dè é pinpin, kò gbọ̀n ọ́n wò. Ta ló ń gbọn ìkòkò òfìfo?

Bàbá náà sì ti sọ ọ́ látorí ibùsùn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ti Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn, ọ̀dà nìkan ló kù." Ọ̀dà nìkan ni ìyá àgbà gbọ́, kò rò ó pé ìfun ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe onígìtá tó ni ín, nítorí pé ó ga, ó sì tín-ín-rín bí igi tí wọ́n fi ń ká ìbẹ́pẹ. Òun ló pè lórí fóònù láàárọ̀ pé òun ń bọ̀ wá kí màmá ní ọ̀sán, pé bí pẹ́dà òun bá ti ṣetán, kí òun kúkú mú un lọ. Ìyá àgbà ní ó ti ṣetán. Kí ni ì bá tún wí? Gbogbo onígìtá agbègbè náà ló mọ̀ pé bàbá kì í jẹ́ kí ohun tí kò dún jáde nílé òun. Ó ti gba iṣẹ́ kan padà rí lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, tí onítọ̀hún ti wọ bàtà tán, nítorí pé etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Orúkọ tó ní nìyẹn. Kò ní òmíràn. Eléyìí sì ni ìkẹyìn tí yóò gbé orúkọ náà jáde, ìyá àgbà sì ti yan án.

Pẹ́dà méjì nínú ẹyọ kan ni. Apá òsì, bàbá pè é ní Àfikún: ohun tí gìtá bá mú wá ni yóò gbé ga, kò ní yí ìwà rẹ̀ padà. Apá ọ̀tún, ó pè é ní Ìkanra: yóò máa tọ́ gìtá níjà títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, tí yóò sì gbó bí ohùn ẹni tó ti pariwo láti àárọ̀. Bàbá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé Àfikún ni òun, Ìkanra ni ìyàwó òun. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ ò parọ́. Ẹni tí wọn ò bá kan lára, ṣé ó máa ń kọrin?"

Láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá ni ara ìyá àgbà ti kú. Ó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fi ṣe àwàdà fún àwọn tó ń wá kí i. Ó ní ìdí òun ló kọ́kọ́ kú, nítorí àga líle tí wọ́n gbé òun kà láti máa gba àlejò, pé nígbà tí ìdí náà kú tán, ó ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á nu ojú wọn, wọ́n á ní obìnrin yìí lágbára. Kò sí agbára kankan níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́. O rí ẹsẹ̀ náà, o mọ̀ pé tìrẹ ni, o fọwọ́ kàn án, àfi bí ẹsẹ̀ aládùúgbò. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òun kò sunkún, kò sì dá a lójú pé òun ń ríran. Ó ń jẹun nítorí pé oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ó fi iyọ̀ sí tíì, ó mu ún tán pátá, ìgbà tó ń fọ ife ló tó rí agolo iyọ̀ lórí tábìlì.

Ó gbé fóònù, ó pe àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin ni àbíkẹ́yìn náà, fóònù ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sílé. Ó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, kí ló dé? Ẹ ní kí n kó gbogbo irinṣẹ́ mi wá."

"Mo yan pẹ́dà bàbá rẹ."

Ọmọ náà wò ó. "Ẹ yan kí ni?"

"Pẹ́dà. Nínú ààrò. Ó tilẹ̀ jinná dáadáa."

"Màmá."

"Má pe mí ní Màmá bíi pé òní lo mọ̀ mí. Ẹni tó mú ẹ lọ sílé ìwé ọlọ́mọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tó tún bá tíṣà jà pé kí ló dé tí wọn ò rí orúkọ ẹ, kí lo rò pé kò lè ṣe?"

Ètè ọmọ náà ń gbọ̀n. Ìyá àgbà kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, kò sì rí okun láti wádìí. Ó gbé àpótí náà, ó ṣíwájú lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Yàrá náà ṣì wà bí bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ọ̀pá wáyà aláràbarà wà lára ògiri, gìtá àtijọ́ tó fi ń dán iṣẹ́ wò kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, sípíkà ńlá jókòó sábẹ́ tábìlì bí ajá tó ti darúgbó. Ọmọ náà tan iná, ó gbé àpótí náà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú ẹyin. Orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù lẹ́tà ìkẹyìn gùn díẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe máa ń kọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń kọ pátákó.

"Ọ̀dà yìí mà dára o, Màmá."

"Ọ̀dà ò ṣẹ̀. Tú u."

Ọmọ náà tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù tó wà nínú rẹ̀ ti jó dúdú bí èédú, ara àwọn wáyà ti rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lẹ̀ mọ́ra. Ó fi ọ̀bẹ kékeré ha fóòmù náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó so bátìrì mọ́ ọn, ó fa gìtá sílẹ̀ lára ògiri, ó sì kì wọ́n bọ ara wọn. Ó ta okùn kan. Ohùn jáde nínú sípíkà, ohùn lásán. Ó tẹ Àfikún. Ohùn náà dìde. Kò yí padà, ó kàn tóbi sí i, ó kún yàrá náà dé òkè àjà, àwọn ìdè kéékèèké inú agolo orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọmọ náà yíjú padà, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Òun náà ń wá a. Ó gbọ́ ohùn náà bí ẹni tó gbọ́ pé òjò ń rọ̀ ní ìlú mìíràn.

"Tẹ ìkejì."

Ọmọ náà tẹ Ìkanra, ó tún ta okùn. Yàrá dákẹ́ lọ gbáà. Kò sí ariwo kankan, kò tilẹ̀ sí ìkùn sípíkà.

"Mo ti pa á," ìyá àgbà wí.

Ọmọ náà ti fi awò tó ń mú nǹkan tóbi sójú, ó tẹrí mọ́ inú àpótí náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Ìdí mi ti kú. Má tún fi kún un."

"Ẹ wá wò ó nígbà náà."

Ìyá àgbà gba awò náà. Kò mọ orúkọ ohun tó wà nínú pẹ́dà, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bó ṣe mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀. Níbi gbogbo tí bàbá bá ti fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ ẹsẹ̀ wáyà, òjé náà máa ń kéré, á rí róbótó, á dán bí ojú ẹja tútù. Apá òsì rí bẹ́ẹ̀. Ẹja lójú ni gbogbo rẹ̀. Apá ọ̀tún, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Òjé náà dì gúlúgúlú, ó ta sílẹ̀ kiri, ó ya kúrò níbi tó yẹ kó wà. Irin gbígbóná ti jó ojú pákó pẹlẹbẹ tí wáyà dúró lé ní ibì kan títí tó fi dúdú, ibẹ̀ ni ó ti ń padà sí, tó ń padà sí. Wáyà kan kò débi kankan rárá. Ẹ̀yà kékeré kan, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jó mọ́ nǹkan kan, ni wọ́n kì bọ inú fóòmù kó má bàa máa sọ̀rọ̀. Òun ló ń ró nígbà tó mì í létí.

"Ààrò kọ́," ọmọ náà wí. "Iná ọ̀dà ò lè yọ́ òjé. Bí wọ́n ṣe dè é nìyẹn. Bàbá ò parí apá ọ̀tún."

Ìyá àgbà ṣì ń wò ó.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí bàbá dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn mọ́ra. Ó ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òun. Àsìkò yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá àgbà láàárọ̀ pé kó wá bá òun dí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ó pẹ́ tó o ti fọwọ́ kàn mí láyà, wá ṣiṣẹ́ ẹ." Ìyá àgbà á ní ọkùnrin yìí ò ní í jáwọ́ nínú ìṣekúṣe títí yóò fi di kèrègbè, á sì máa dí i. Ó rí bí ọwọ́ náà ṣe ń gbọ̀n. Ó rí bí bàbá ṣe ń kì í bọ àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu tíì sí ife ní ìlàjì, ó sì ń sọ pé tíì ti wọ́n. Bàbá kò sọ, òun náà kò sọ. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹyẹ. Orí ibùsùn kan náà ni wọ́n ń sùn. Ó ti rò pé òun ń ṣàánú rẹ̀ ni. Ó ti rò pé òun nìkan ló ń fi nǹkan pamọ́ nínú ilé yẹn.

"Kò ju iṣẹ́ díẹ̀ lọ," ọmọ rẹ̀ ń wí. "Màá jó gbogbo eléyìí kúrò, màá fọ ojú ibẹ̀ mọ́, màá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí Bàbá níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó máa dún. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ò ní mọ̀."

"Kò ní mọ kí ni?"

Ọmọ náà kò tíì dáhùn tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó yára de ìdè ẹ̀yìn àpótí náà padà.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ orí ba kó tó lè wọlé, síbẹ̀ iwájú orí rẹ̀ fara kan àtẹ́rígbà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá."

"A dúpẹ́. Rọra. Bàbá rẹ ò fi ti irú yín kọ́lé."

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ní tí mo bá tún gbá ilẹ̀kùn àwọn lórí, màá kùn ún."

Ó kúnlẹ̀ láti kí i dáadáa, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà. Nígbà tí wọ́n mú un dé yàrá ẹ̀yìn, tó rí pẹ́dà náà lábẹ́ iná, ó na ìka kan, ó fi kan ọ̀dà náà bí ẹni tí ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́.

"Ṣé mo lè dán an wò?"

Ìyá àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ ìdí tó fi mi orí. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ó ń fi ojú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí ti mì.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé gìtá àtijọ́ náà kọ́rùn. Kò ta á bí àbíkẹ́yìn ṣe ta á. Ó pa ojú dé, ó ṣe orin kúkúrú kan tó ń lọ tó ń bọ̀, ó tẹ Àfikún, orin náà sì bọ́ sáàárín wọn bí ẹni tó bọ́ láti yàrá wọ pálọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìlajú. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ Ìkanra.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lórí okùn. Kò sí ohùn. Ó la ojú, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ohùn lọ.

"Màmá," ó wí pẹ̀lẹ́, "apá ọ̀tún yìí ò dún."

Ó wo ojú ìyá àgbà, ó sì yára fi kún un:

"Kò sí wàhálà o. Mo kàn ń… Bàbá ò fún èèyàn ní nǹkan tí ò dún rí. Ṣé ara wọn ti ń…"

Ọmọ náà la ẹnu. Ìyá àgbà ti ṣíwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo yan án," ó wí.

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo yan án. Bàbá rẹ ṣe é tán, ó dè é, ó gbé e kalẹ̀ bí ọmọlúàbí. Èmi ni mo kùn ún, mo gbé e sínú ààrò, mo jókòó ti ìdí mi, mo gbàgbé. Ìgbà tí mo ṣí i, òórùn tó gba ilé yìí, bí ti bàtà tí wọ́n sè. Mo gbọ̀n ọ́n létí, mo gbọ́ ìfun. Mo ní ẹ̀yin ará, adìẹ wo ni wọ́n ń yan láìla inú ẹ̀? Bí ẹnu ẹ bá gbà á, apá ọ̀tún ti jinná, apá òsì ló ṣì tútù."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gbìyànjú láti dákẹ́. Ó bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, kò lè ṣe é mọ́, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń já bọ́ lójú rẹ̀, ìyá àgbà náà sì ń fi ọwọ́ júwe bó ṣe gbé e jáde, bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ọbẹ̀ gbígbóná. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yẹn, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta, "ṣe é tán". Ó kàn fa àwọn òtítọ́ yòókù bo ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà bí a ti ń fa aṣọ bo fèrèsé.

Ní àárín ẹ̀rín náà ni ó yé ìyá àgbà, wẹ́rẹ́, láìsí ariwo, bí ìgbà tí ènìyàn rántí ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Bàbá kò ṣì í sọ nígbà tó ní ọ̀dà nìkan ló kù. Ó ti ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe sí i, ó ti fi ìdè dè é kí ojú má bàa tó o. Ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni lè bá òun ṣe sí i ni ó sọ. Ìyá àgbà ni ó ní kó bá òun ṣe é.

Kò dùn ún, kò sì tù ú. Ó kàn mọ̀ ọ́n.

"Bàbá ì bá ti lé yín kúrò nílé ìdáná," Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú.

"Ta ni ì bá máa se oúnjẹ fún un?"

"Ẹ jẹ́ kí àbíkẹ́yìn tún un wò, Màmá. Kò sí ohun tó ń lé mi. Màá padà wá lọ́la." Ó dìde, ó gbé gìtá náà kọ́ padà síbi tó ti mú un, ó sì rọra tẹ orí ba kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ tó ṣì ń dá rẹ́rìn-ín lọ ní ìta.

Ọmọ náà ti iná bọ irin ìjó-òjé, ó tún tú ẹ̀yìn pẹ́dà náà, ó sì gbé e kalẹ̀ níṣí sábẹ́ iná. Ìyá àgbà fa àga bàbá wá, ó jókòó, ó gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti tòsí, àwọn gúlúgúlú òjé náà kò burú bó ṣe rò. Èyí àkọ́kọ́ tóbi jù. Ìkejì kéré sí i. Níbi ìkẹta, ọwọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó, kó tó yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó sì fa ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́yìn ara rẹ̀.

Irin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ọmọ náà gbé e, ó dáwọ́ rẹ̀ dúró lókè àpótí náà.

"Màmá, ó ti gbóná," ó wí. "Ṣé kí n jó ti Bàbá kúrò, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"